Olùkọ́ Adjara ní Ilé Pósítì

Ẹkún ni Adjara ń sun lọ́jọ́ tí Olúwọlé kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ kejì tí ọmọbìnrin náà wọṣẹ́ ní ilé pósítì ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, nítòsí ààlà Nàìjíríà, ni, lásìkò tí sójà ń ṣèjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa so tẹlifóònù àwọn ará ìlú pọ̀ mọ́ ti ọ̀nà jíjìn. Oníṣòwò kan ti bú u láti Kútọnu pé òpè ni, nítorí okùn tẹlifóònù já mọ́ ọn lẹ́nu.

Olúwọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọlé, àpò lọ́wọ́. Ará Pobè ni, wọ́n rán an wá kó fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ níṣẹ́. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bu omi fún un, ó jókòó tì í.

"Ẹni tó bú ọ kò mọ̀ ọ́," ó ní. "Okùn ló ń bínú sí. Jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀ tán, kí o wá sọ ohun tí o lè ṣe fún un. Má ṣèlérí ohun tí o ò lè ṣe."

"Bó bá tún bú mi ńkọ́, ọ̀gá?"

"Gbé e fún mi. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá le jù, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dáhùn, yóò sì dá a padà fún un jẹ́jẹ́ kí ojú má baà tì í. Kí oṣù kejì tó parí, àwọn oníbàárà ti ń béèrè ọmọbìnrin olóhùn tútù. Adjara mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ olùkọ́ òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni tó pè, Olúwọlé sọ tirẹ̀ jáde.

"Ààyò mi, mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

"Bí baba mi bá gbà, èmi ti gbà tipẹ́."

Moussa baba rẹ̀, àgbẹ̀ òwú ní abúlé Kaboua, kò gbà. Nígbà tí Olúwọlé lọ bá a nílé, ó fún un lómi, ó fún un níṣu, ó sì kọ̀ jálẹ̀.

"O kì í ṣe Mùsùlùmí. O kì í ṣe ará ibí. Bí ìjọba bá gbé ọ lọ lọ́la, ibo ni màá ti wá ọmọ mi?"

Wọ́n ṣì ń ronú bí wọ́n ṣe máa tún bẹ baba nígbà tí wàhálà mìíràn dé. Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ìjọba, Kamarádì ni gbogbo èèyàn ń pè é, wá sí ilé pósítì. Ó ní kí Olúwọlé kọ́ Adjara bí yóò ṣe máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú, kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìjọba láìdáa.

"Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n kọ́ ọ kọ́ nìyẹn," Olúwọlé dáhùn.

Kamarádì rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Lọ́jọ́rú, Kamarádì pe Kútọnu. Adjara so ó pọ̀. Ó yẹ kó gbé ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, kò gbé e.

"Ẹ rán ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì," Kamarádì ń wí, "kí wọ́n wá gbé olùkọ́ yẹn."

Nígbà tí Adjara sọ ọ́ fún Olúwọlé, ìbínú ló kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀. "O tẹ́tí?"

"Mo tẹ́tí. Ẹ lé mi níṣẹ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sá lọ."

Ìbínú náà rọ̀. "Jẹ́ ká jọ lọ. Nàìjíríà ò jìnnà."

"Bí mo bá bá yín lọ, baba mi ni wọ́n máa mú."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí Kaboua, ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún baba rẹ̀.

"Mi ò fún un lọ́mọ mi," Moussa ní, "ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ọmọ ọlọ́mọ lé wọn lọ́wọ́."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Olúwọlé dé Kaboua, ó wọ ẹ̀wù oko Moussa, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, kí Moussa lè mú un gba inú igbó sọdá sí Nàìjíríà. Létí oko òwú, ó fẹ́ di mọ́ Adjara, ṣùgbọ́n ojú baba wà lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dì mú.

"Má sunkún," ó ní. Òun gan-an ń sunkún.

Ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò bá Olúwọlé. Wọ́n bi Adjara léèrè títí, ó ní òun ò mọ ibi tó lọ. Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni Moussa tó padà wá bá Adjara ní Kaboua, tó ń tiro.

"Ó ti sọdá," ó ní. "Lójú ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ nínú koríko, ó tún tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní mo gbà."

Adjara jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Baba, ìgbà tó lọ tán lẹ tó gbà?"

"Ọmọ mi, mi ò mọ irú ẹni tó jẹ́ àfìgbà tí a jọ rìn."

Adjara mú abẹ́rẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ baba rẹ̀ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún.