Ó Bá Ara Rẹ̀ Ṣọ̀tá

Òjò ọ̀sán ọjọ́ náà kò kìlọ̀ kó tó dé. Bíríkìlà wà lókè, lórí pákó tí wọ́n so mọ́ ògiri ilé ìgbẹ̀bí tuntun, nígbà tó rí nọ́ọ̀sì kan tó já jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó bọ́ bàtà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì sáré bọ́ sínú òjò. Ìlédìí àwọn ọmọ tuntun ló wà lórí okùn, funfun lọ súà. Obìnrin náà ga, ó sanra, ó sì yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń já aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ sí èjìká, ó sì ń bú òjò bí ẹní ń bú àbúrò rẹ̀: "O ò lè dúró kí n kó wọn tán? Aláìnítìjú!" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bú u, ẹ̀rín tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá.

Bíríkìlà kò mọ ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tínínrín ni, ọwọ́ rẹ̀ gùn, sìmẹ́ńtì sì ti gbẹ mọ́ ọn títí dé ìgúnpá.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó díẹ̀, Nọ́ọ̀sì."

Obìnrin náà yíjú. Ẹ̀rín náà pa rẹ́ lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kó gbogbo aṣọ tútù náà mọ́ àyà àti ikùn, ó fi wọ́n bo ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Mo ti kó o tán."

"Àwọn tó kù lórí okùn yẹn ńkọ́?"

Ó wo okùn náà. "Àwọn yẹn ṣì fẹ́ wẹ̀ díẹ̀ sí i ni."

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mójú le, kò rọ́gbọ́n dá sí i, òun náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ nọ́ọ̀sì yìí nílé ìgbẹ̀bí. Òun ni wọ́n máa ń ké sí bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá ń sunkún, tó ní òun ò lè wo ara òun mọ́, pé ikùn òun ti di àpò òfìfo. Nọ́ọ̀sì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á di ọwọ́ onítọ̀hún mú. "Ìyá ìkókó, ara yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ ńlá dé ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tútù bá a sọ̀rọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń kí ẹni tó ti oko dé?" Obìnrin náà á nu ojú nù, á sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò rí ọ̀rọ̀ tútù kankan sọ sí ara tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni kò jẹ́ kó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ìyá yìí ti ń ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu. "Àgbá" ló máa ń pè é, bí ẹní ń ṣàwàdà. "Àgbá, jáwọ́ ńbẹ̀." "Àgbá, fa ikùn yẹn wọlé." Nígbà tí ọmọ náà fi di àgbàlagbà, kò nílò ìyá rẹ̀ mọ́ láti bú òun. Kó tó bọ́jú láàárọ̀, á ti bú ara rẹ̀ tán. Kì í sì í jẹun lójú ẹnikẹ́ni.

Bíríkìlà kò tètè mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé bí òun bá ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà wá ní ìsinmi ọ̀sán, obìnrin náà á dúpẹ́, á sì fi í sínú báàgì.

"Kí ló dé tí o kì í jẹ ẹ́ níbí?"

"Mo máa jẹ ẹ́ tó bá yá."

"Ṣé mo fi májèlé sí i ni?"

"Ta ló mọ̀? Ẹnu rẹ dùn jù, mi ò gbà ọ́ gbọ́."

"Adúmáadán mi, bí mo bá fẹ́ pa ọ́, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo máa fi pa ọ́."

"Kúrò níbẹ̀ jàre!" Ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí bí inú òun ṣe dùn tó.

Kí wọ́n tó kan òrùlé ilé tuntun náà, Bíríkìlà ti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn yàrá ìfọṣọ ni wọ́n jókòó sí. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí.

"Kí lo rí lára mi?"

"Mo rí ẹ nínú òjò," ló dáhùn. "Ojú mi ò tíì kúrò níbẹ̀."

Inú nọ́ọ̀sì dùn, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú un lọ kí ìyá rẹ̀, tí ìyá ti gbàlejò tán, tí ọkùnrin náà sì ti lọ, ìyá pa ilẹ̀kùn dé, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Tètè wá nǹkan ṣe sí ara yìí kí ojú rẹ̀ tó là. Ọkùnrin kì í fọ́jú pẹ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ra gáùn ìgbéyàwó wá. Ó rẹwà, ó funfun, léèsì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò lè kọjá itan nọ́ọ̀sì. Ìyá gbé e kọ́ sára ògiri yàrá ọmọ rẹ̀, níwájú bẹ́ẹ̀dì gan-an. "Ìwọ ló máa bá gáùn mu," ló wí, "gáùn ò ní bá ọ mu."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀. Omi láàárọ̀, omi lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ díẹ̀ lálẹ́. Ojú rẹ̀ jìn, òòyì sì máa ń kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn ń kí i pé ó ti ń fọn, ó ń dúpẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ń wúwo sí i. Ìgbà tí Bíríkìlà bi í pé ṣé àìsàn ni, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó gbé omi tútù lọ fún ọkùnrin rẹ̀ níbi iṣẹ́. Àwọn bíríkìlà jókòó sí abẹ́ ògiri, wọn kò rí i bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra bẹ́ẹ̀dì onígi o! Irin ni kẹ́ ẹ lọ jó, kẹ́ ẹ sì da kọnkéré sí abẹ́ rẹ̀!" Ilé dàrú. Láàárín ẹ̀rín àwọn ọkùnrin náà, nọ́ọ̀sì gbọ́ ẹ̀rín kan tó mọ̀. Ẹ̀rín Bíríkìlà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Bíríkìlà nínú. Ó rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè dákẹ́ ni, kí wọ́n má baà sọ pé ó le. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé omi rẹ̀, ó padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé ọmọ tuntun kan lọ́wọ́, ó fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Òòyì tún kọ́ ọ. Mẹ́tírọ́ọ̀nù, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ló sáré gba ọmọ náà kí ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó tú. Nọ́ọ̀sì ṣubú lulẹ̀, orí rẹ̀ gbá etí tábìlì. Ọmọ náà kò fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì lajú, tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó bú sẹ́kún bí ẹni tó pa ènìyàn.

Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Bíríkìlà wọlé. Ọkùnrin náà wá, wọ́n dá a padà. Ó tún wá. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pàdé lẹ́nu géètì.

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ, lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀dì onírin."

Ká ní ó dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni! Ká ní ó kàn sọ pé, "Mo ṣẹ̀ ọ́"! Ojú tì í débi pé ìbínú ló wá sí i lẹ́nu. "Ẹ̀rín lásán? Torí ẹ̀rín lásán lo ṣe fẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́?"

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ ilé náà parí, Bíríkìlà bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kò sí ògiri tó mọ lẹ́yìn ìgbà náà tí kò tún gbólóhùn yẹn pè níbẹ̀ nínú ara rẹ̀: ẹ̀rín lásán.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ mọ́. "Mi ò bá ọ jà," ló wí. "Lọ rí obìnrin tó wà ní yàrá òkè yẹn ná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo."

Àgbà obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Sọ ohun tí o sọ fún ara rẹ láàárọ̀ yìí fún mi." Nọ́ọ̀sì sọ ọ́, láìfi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà wá bi í pé, "Ṣé o lè sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìkókó rẹ?"

Nọ́ọ̀sì la ẹnu láti dáhùn. Ẹkún ló jáde.

Kò dùn bí ẹní jẹ oyin. Oṣù lórí oṣù ló ń lọ sí yàrá òkè yẹn. Ó gbé gáùn kúrò lára ògiri. Ó kọ́ bí a ṣe ń jẹun nígbà tí ebi bá ń pani, bí a ṣe ń sinmi láìtọrọ àforíjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé òun dúró láti àárọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, èébú àtijọ́ á tún dé. Kò lè lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n kò fún un ní àga mọ́. Bí inú rẹ̀ bá ṣe ń rọ̀ sí i ló ń rántí ọkùnrin tó rí i nínú òjò. Kò mọ ibi tó wà.

Ọdún yí lu ọdún. Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, apá kan ara rẹ̀ rọ. Nọ́ọ̀sì ló ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù bo àyà rẹ̀ tó ti hunjọ. "Má wò mí," ló wí. "Mo ti bàjẹ́."

"Màmá, ẹ ò bàjẹ́. Ara yín ti ṣiṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i."

Ìyá wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Nígbà tí mo bí ọ, mo sanra. Bàbá rẹ ní òun ò mọ̀ mí mọ́, ó sì lọ. Mo rò pé bí mo bá yọ ọ́ lẹ́nu tó, ẹnikẹ́ni ò ní lọ mọ́ ọ lọ́wọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo bí ọmọ tó rẹwà, mo pè é ní àgbá. Èmi gan-an ni mo lé ọkùnrin yẹn lọ."

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, Màmá."

"Dárí jì mí."

Nọ́ọ̀sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ó wù ú pé kí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó parí, ìyá kú.

Bíríkìlà gbọ́ nípa ikú náà lẹ́nu òṣìṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí kan tó pàdé níbi iṣẹ́. Ó wá. Ó bá nọ́ọ̀sì nídìí ààrò.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣeun." Ó yíjú, ó sì mọ̀ ọ́n. "O ti hu ewú."

"Ìwọ ò ní?"

"Mo ní. Mo rẹ tèmi láró ni."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde dáadáa. Bíríkìlà kò jókòó.

"Kì í ṣe ẹ̀rín lásán," ló wí. "Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ẹnu wọn bà mí, mo tà ọ́ fún wọn kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe."

Nọ́ọ̀sì gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. "Ká ní o sọ èyí lẹ́nu géètì, mi ò bá tí gbà ọ́ gbọ́. Mo ti sọ ohun tó burú ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí ara mi kó tó lanu. O ṣẹ̀ mí. Èmi náà ṣẹ ara mi." Ó bu ìrẹsì sí àwo méjì, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀. Bíríkìlà ò tíì rí i kó jẹun rí. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Ṣé sinimá lò ń wò ni? Jẹ tìẹ kó má tutù."

Ó jókòó, ó jẹ ẹ́, omijé ń já sínú àwo.

Wọn kò kánjú. Ó ń wá, ó ń lọ, wọ́n ń sọ gbogbo rẹ̀, títí wọ́n fi ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni nọ́ọ̀sì wọ̀, èyí tí aránṣọ gé sí ara rẹ̀ bí ara náà ṣe rí. Mẹ́tírọ́ọ̀nù, tó ti fẹ̀yìn tì, ló dúró bí ìyá ìyàwó.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n jókòó pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà.

"Kí lò ń rò, ìyàwó mi?"

"Àwọn ọmọ tí à bá ti bí. Mo ti gbẹ̀bí fún gbogbo ayé, mi ò gbẹ̀bí fún ara mi. Ó ti pẹ́ báyìí."

Ọkọ rẹ̀ kò sọ fún un pé kò tíì pẹ́. Irọ́ nìyẹn ì bá jẹ́. "Èmi náà ń rò wọ́n," ló wí. "Mo máa ń rò wọ́n."

Ó gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, kò fà á sẹ́yìn. Wọ́n sunkún àwọn ọdún náà pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì tó wá bá wọn yọ̀, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń pe ìyàwó. Ó nu ojú ọkọ rẹ̀ nù, ó nu tirẹ̀, ó sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn.