Àmì Tí Kezia Fi Pa Mọ́

"Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ni àlejò náà wí, bó ṣe ń fi búrẹ́dì àgbàdo nu ìyókù ẹ̀wà inú àwo rẹ̀. "Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe irú ohun tí o ṣe yìí."

Kezia Stidham rò pé oúnjẹ ló ń tìtorí ẹ̀ dúpẹ́. Ilé Màmá Verna, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ni wọ́n ti ń jẹun. Kóòṣì Ratliff, olùkọ́ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù yunifásítì wọn, ló ní kó mú Shanelle Guidry, àlejò náà, káàkiri ìlú, kó fún un lóúnjẹ ilé, kó sì jẹ́ kó rí i pé èèyàn gidi ni àwọn ará Laurel Gap. Oṣù kẹrin nìyẹn, àsìkò tí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ máa ń ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà. Louisiana ni Shanelle ti wá. Ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ èèyàn, kò sì tíì ju wákàtí mẹ́ta lọ tí Kezia fi fẹ́ràn rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?" ni Kezia bi í.

"Àyè rẹ tí o gbà láti fi sílẹ̀ fún mi ni mò ń wí. Kóòṣì ní ìwọ fúnra rẹ lo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa darí bọ́ọ̀lù."

Màmá Verna tó ń bu ẹ̀wà dáwọ́ dúró, ó wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kezia gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méjì gbáko ló ti ń darí bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ náà. Ọdún àkọ́kọ́, ńṣe ni gbogbo ikọ̀ tó bá wá ń nà wọ́n bí ẹní na bàrà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ẹrù wọn lọ níkọ̀ọ̀kan ní oṣù tó kọjá, òun nìkan ló dúró. Ó ní ilé ni ilé ń jẹ́. Èrè ìdúró náà wá nìyí: wọ́n ti fi àyè rẹ̀ tọrẹ, òun ni wọ́n sì rán pé kó lọ se àsè fún ẹni tó gbà á.

Ó yẹ kó sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín ló rín. "Kò tó ọpẹ́," ló wí.

Nígbà tó gbé Shanelle dé òtẹ́ẹ̀lì tó sì padà, Màmá Verna ṣì wà lórí àga tó fi í sí.

"Ta lò ń bínú sí?" ni ìyá àgbà bi í.

"Àwọn méjèèjì ni, Màmá."

"Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin yẹn ló mọ̀. Lọ bá a lọ́la, kí o wí i sí i lójú."

Kezia kò lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá ko Kóòṣì lójú, yóò fi ọ̀nà ìta han òun, nítorí náà ó gbé ìbínú náà mì. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe oúnjẹ, kì í dà nínú. Bó ṣe wà níbẹ̀ ló ń le sí i.

Kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ tuntun méje ti dé. Àwọn olówó ìlú dá owó jọ láti fi fà wọ́n wá, Kóòṣì sì ń sọ lórí rédíò pé ife-ẹ̀yẹ ni òun ń wá lọ́dún yìí, òun ò wá àwáwí. Wọ́n lẹ àwòrán Shanelle mọ́ pátákó ńlá lẹ́bàá títì. Kezia ni wọ́n fi ṣe balógun ikọ̀, oyè tí a fi ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń kí i kú oríire.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà nínú oyè náà ni pé òun ló gbọ́dọ̀ fi àmì ọwọ́ Kóòṣì kọ́ àwọn ọmọ tuntun, torí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n mọ́. Bí Kóòṣì bá na ìkúùkù sókè, apá ọ̀tún ni kí gbogbo wọn gbé eré gbà. Ṣùgbọ́n bó bá na ìkúùkù tán tó tún fa etí, apá òsì ni. Kóòṣì kì í fa etí nígbà ìgbaradì, kí àwọn amí ikọ̀ mìíràn má baà rí i. Ó di ìparí eré tó bá le kó tó lò ó.

Kezia kọ́ àwọn mẹ́fà lọ́jọ́ kan náà. Shanelle wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, ló bá di pé Kezia kọ́ ọ ní tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Shanelle mú ìwé kékeré kan dání, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó tán?" ló bi í nígbẹ̀yìn.

Kezia wo ìwé náà. Ó ku etí. "Ó tán," ló wí.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nǹkan kékeré ni. Àṣìṣe kan péré, ìtìjú kan péré, Kóòṣì á sì mọ ẹni tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oṣù kìíní ni ọjọ́ náà pé. Ikọ̀ tó lágbára jù ní agbègbè wọn ló wá bá wọn nílé, èrò sì kún gbọ̀ngàn débi pé àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, àmì ayò kan ni àwọn àlejò sì fi ń ṣíwájú wọn. Kóòṣì dìde. Ó na ìkúùkù sókè. Ó fa etí.

Kezia wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó rí i. Bó bá pariwo "Òsì!", Shanelle á gbọ́, torí kò jìnnà sí i. Ó ya ẹnu, ó tún pa á dé.

Àwọn mẹ́rin yà sósì. Shanelle nìkan yà sọ́tùn-ún, ó ń sá eré àsápajúdé, ó sì kọlu Dagny, ọmọbìnrin gíga kan nínú àwọn ọmọ tuntun ikọ̀ wọn, tó ń ti ọ̀tún bọ̀. Ọwọ́ ló fi gbalẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí lọ sábẹ́ àga àwọn akọ̀ròyìn, rẹfirí fọn fèrè, eré parí. Igbe Shanelle ni Kezia gbọ́. Eegun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti kán.

Nínú yàrá ìmúra, Kóòṣì kò dúró kí dókítà ṣe tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í nà án lọ́rọ̀. Ó ní gbogbo èèyàn mọ àmì náà àfi ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ná gbogbo ohun tí wọ́n ní. Shanelle ń sunkún. "Kezia kọ́ mi, sà," ló wí. "Èmi ni mo gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀bi tiẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, èébú tí àwọn ará ìlú bú Shanelle lórí fóònù kò ṣeé kà sétí ọmọlúàbí. Wọ́n ní ó jẹ owó ìlú lásán, wọ́n ní kó padà sínú àbàtà tó ti wá. Kezia sì bọ́ padà sí àyè rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ní eré tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, "Ọmọ wa! Ọmọ wa!", ariwo náà sì ń dún létí rẹ̀ bí ìgbájú.

Lẹ́yìn eré náà ló bá Shanelle lórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, símẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi di eegun rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì ṣí ìwé kékeré rẹ̀ lójú ewé lójú ewé.

"Mo ti ka ìwé yìí ní àkàtúnkà," ni Shanelle wí, kò gbójú sókè. "Mi ò rí ọ̀rọ̀ etí. Mi ò mọ bí mo ṣe gbàgbé láti kọ ọ́."

Kezia jókòó tì í. "O ò gbàgbé," ló wí. "Mi ò sọ ọ́ fún ọ ni."

Shanelle pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó bi í pé kí ló dé. Kezia sọ gbogbo rẹ̀: pé irọ́ ni Kóòṣì pa, pé òun kò fi àyè kankan sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni, pé ẹnu Shanelle gan-an ni òun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nídìí oúnjẹ.

"O mọ̀ pé wọ́n parọ́ fún mi," ni Shanelle wí, "o sì jẹ́ kí n máa gbé irọ́ náà kiri láti oṣù kẹrin. Ṣé o mọ ìdí tí mo fi kúrò níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀? Wọ́n mú ẹlòmíràn wá sí àyè mi. Orí fóònù ni mo ti kà á. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi pẹ̀lú rẹ là bá jọ lọ bá ọkùnrin yẹn. Àmọ́ o fi í sílẹ̀, ọwọ́ mi lo wá ṣẹ́."

"Jọ̀ọ́, Shanelle..."

"Má bẹ̀ mí. Lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn."

Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, kí ìgbaradì tó bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì Ratliff gba oyè balógun lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kò ní fẹsẹ̀ kan pápá mọ́ títí ọdún ìdíje yóò fi parí.

"Ìyà tó tọ́ sí mi ni, mo gbà á," ni Kezia wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún Shanelle pé mo gbà láti fi àyè mi sílẹ̀. Ìgbà wo lẹ bi mí, Kóòṣì?"

Ojú Kóòṣì pọ́n. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ láyé ìsinsìnyí kò ráàyè máa bi olúkúlùkù léèrè. Dagny, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló dìde. Ó ní kí Kóòṣì jọ̀wọ́ sọ fún òun, ta ni wọ́n purọ́ fún kí wọ́n tó rí àyè fún òun. Ẹlòmíràn tún béèrè tirẹ̀, ẹlòmíràn tún béèrè. Kóòṣì wo ojú wọn yíká, ló bá jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn gbà-á. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Wọ́n bá a gbá bọ́ọ̀lù ṣá, nítorí iṣẹ́ wọn ni. Shanelle padà ní oṣù kẹta, báńdéèjì lọ́wọ́, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje agbègbè, níbi tí ikọ̀ mìíràn ti fi àmì ayò mẹ́rin nà wọ́n. Bí ọwọ́ yẹn kò bá kán ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ni ará ìlú ń bi ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dá Kezia lóhùn mọ́ bó bá kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ lẹ́tà gígùn sí Shanelle láti tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Shanelle fi dá a lóhùn: "Mo gbọ́."

Nígbà tí oṣù kẹrin tún dé, Kezia náà fi orúkọ sílẹ̀ pé òun ń lọ. Ó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún Kóòṣì lójú kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Yunifásítì kékeré kan ní Tennessee ló gbà á.

Lọ́jọ́ tó débẹ̀, kò tíì tú ẹrù tó fi béèrè ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù fún wọn. Wọ́n júwe ọmọ kan fún un nílé oúnjẹ, Tamsin Boggs, tó ń dá jẹun nídìí fèrèsé. Kezia lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Kezia lorúkọ mi," ló wí. "Àyè rẹ ni wọ́n ní kí n wá dù. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Tamsin gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ pọ́n. "Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi," ló wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Bínú, ó tọ́ kí o bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ lọ bá kóòṣì báyìí, kí o bi í léèrè níṣojú mi."

Tamsin wò ó títí bí ẹni pé yóò fi oúnjẹ náà lù ú. Nígbà tó yá, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó sì bọ́ síwájú.

Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ibi tí Kezia gbé ìbínú tirẹ̀ lọ ló ti ṣìnà: ó fi ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó mú ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Bí a bá ṣẹ̀ ọ́, wá ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ lọ, kí o sọ ọ́ sí i lójú ní ọ̀sán gangan, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà ọ́. Ìbínú tí a bá gbé mì yóò jáde lọ́jọ́ kan, orí aláìṣẹ̀ ló sì sábà máa ń bà lé.