Orin Tó Wà ní Nọ́ńbà Keje

"Gbé ojú kúrò lára dùùrù," ni bàbá Tíńtín wí. "Àwọn tó jókòó ni kó o máa wò."

Tíńtín gbójú sókè. Agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìtura kékeré kan. Ooru mú débi pé àwọn àga oníke tí igi kò ṣíji bò ń jóni nídìí. Tábìlì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan ń fi pépà fẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ti sùn. Ọkùnrin méjì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun àti ìwé ìròyìn rẹ̀ àti ife omi ọsàn kan tó máa fi wákàtí méjì mu.

"Kí lo rí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Èèyàn, sà."

"Ọmọ ń sùn. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń kàwé. Ṣé orin tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lo máa kọ́kọ́ fún wọn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá Tíńtín ti ń tẹ dùùrù nínú ọgbà yẹn ní gbogbo àsìkò ooru. Kò ní onílù, kò ní akọrin. Òun nìkan ni, pẹ̀lú dùùrù oníná kan tí eyín rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Wọ́n fi báńdéèjì funfun líle dì í ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn gan-an ni ọgbà máa ń kún jù. Ta ni yóò wá tẹ dùùrù? Tíńtín náà ni, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ orin nílé ìwé, tí kò sì gbàgbé láti máa sọ ọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan orin. Ó ní orin ọgbà kì í ṣe orin gbọ̀ngàn. Ẹni tó lọ sí gbọ̀ngàn, orin ló wá gbọ́. Ẹni tó wá sí ọgbà, atẹ́gùn ló wá gbà, orin ló wá bá a níbẹ̀. Àwọn orin tí èèyàn mọ̀ ṣùgbọ́n tó ti gbàgbé pé òun mọ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí ẹsẹ̀ tó ń mì lábẹ́ tábìlì, kó fún ẹsẹ̀ náà ní irú rẹ̀ kan sí i. Bí ọmọdé bá dìde jó, kó bá a ṣe orin kan, kó má ṣe é ní méjì, nítorí àgbà ló wá sinmi.

"Bó bá di pé èèyàn ń pariwo kí ẹnì kejì rẹ̀ tó gbọ́ ọ," ni bàbá náà wí, "ìwọ lo jẹ̀bi."

Ààyè mẹ́wàá ló wà nínú dùùrù náà tí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n bá tẹ̀ pa mọ́ sí. Ìpìlẹ̀ orin, iṣẹ́ ọwọ́ òsì, ló wà níbẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo lè dún bí ẹni mẹ́ta. Nígbà tí oòrùn wọ ẹ̀yìn ògiri, bàbá Tíńtín na ọwọ́ òsì, ó tẹ nọ́ńbà keje. Orin àtijọ́ kan jáde, ó rọra ń lọ nílẹ̀. Ní àárín rẹ̀, ohùn kan pẹ́ kó tó dé, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà. Tíńtín tó ń tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí rẹ̀ sáré kọjá.

"Dúró dè é," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń ká wáyà, ó pè é. "Yan orin bó o bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ ẹ̀yìn ògiri, nọ́ńbà keje ni. Má yí i padà, má yọ ọ́ kúrò. Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, sà."

Ọmọ kò béèrè ìdí. Bàbá kò sọ ìdí. N kò mọ ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹ ó fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Tíńtín dá lọ. Ó ń ṣe dáadáa títí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ márùn-ún fi wọlé, Fídíò ló sì ṣáájú wọn. Fídíò kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹun, ó ya á. Bó bá sín, ó ya á. Ó ń ya Tíńtín lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ńbà keje dé ibi tó ti máa ń pẹ́.

"Ẹ gbọ́, dùùrù yìí ti fẹsẹ̀ kọ," ni Fídíò wí. "Ó dà bíi pé ó ti ń wá ọ̀pá ìtilẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíńtín náà bá wọn rín in, ó tilẹ̀ rín in ju tiwọn lọ, kó má baà dà bí ẹni pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì ti di Olùkọsẹ̀.

"Mo ní ìlù tuntun lórí fúláàṣì mi," ni Fídíò sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì. "Gbé e sínú dùùrù yín. Gbogbo kíláàsì la máa wá lọ́jọ́ Àìkú. Màá ya ẹ́ dáadáa, ìwọ náà á di èèyàn."

Ta ni kò fẹ́ di èèyàn? Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ fi ọwọ́ han dókítà, Tíńtín ki fúláàṣì bọ dùùrù. Ẹ̀rọ náà sọ fún un pé ààyè ti kún, kó yọ ọ̀kan. Ó tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló wúlò lójú rẹ̀, àfi nọ́ńbà keje, orin arúgbó kan lásán tó tún ní àṣìṣe nínú. Ìlérí tó ṣe kàn án láyà. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé òun lè fi ọwọ́ òsì òun tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà, yóò sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìkọsẹ̀. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò pẹ́ tó kéèyàn sín.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìlù tuntun bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin géérégé. Àwọn ọmọ kíláàsì pariwo, Tíńtín rí i pé wọ́n ń wo òun, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Kò wo àwọn tó jókòó mọ́. Ọmọ ọwọ́ jí, ó figbe ta. Àwọn oníyàn bọ́ọ̀lù kò gbọ́ ara wọn mọ́, wọ́n sanwó, wọ́n lọ. Agbáwo gbé ẹja lọ fún ẹni tó ní kó gbé ẹyin wá. Nígbà tí oòrùn wọ ẹ̀yìn ògiri, tíṣà àgbà ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó wá sídìí dùùrù.

"Ọmọ mi, orin ìrọ̀lẹ́ wa ńkọ́?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sà."

Tíṣà àgbà náà mi orí, ó sì bá ẹnu géètì jáde. Ife ọsàn rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Kí agogo mẹ́fà tó lù, àwọn ọmọ kíláàsì nìkan ló kù, mínírà méjì sì ni àwọn mẹ́rìnlá pín mu. Ìyá Ọlọ́gbà, obìnrin tó ni ibẹ̀, dúró ti Tíńtín.

"Ọmọ mi, tó bá jẹ́ ariwo ni mo fẹ́, màá kó tábìlì mi lọ sójú títì. Ọ̀fẹ́ ni tibẹ̀."

Fídíò náà fi ohun tó yà han Tíńtín. Ojú Fídíò ló gba gbogbo rẹ̀. Èjìká Tíńtín kan ṣoṣo ló yọ níkọ̀rọ̀.

Nílé, bàbá rẹ̀ ń dúró dè é. "Ṣé o tẹ nọ́ńbà keje?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o dúró dè é?"

"Mo dúró, sà."

Inú bàbá náà dùn. Ìdùnnú yẹn ni kò jẹ́ kí Tíńtín lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ kejì, tàbí lọ́jọ́ kẹta. Ó yọ ìlù tuntun náà kúrò, ó padà sí àwọn orin tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, àwọn èèyàn sì ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà keje ṣófo. Ó ń pinnu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun máa tún un tẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú àsìkò ooru, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Wọ́n ti tú báńdéèjì. Ọwọ́ náà tínrín, awọ rẹ̀ funfun. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ń kí i káàbọ̀ láti tábìlì dé tábìlì.

"Orin kan péré ni mo fẹ́ tẹ̀," ló ní. "Ọkàn mi ti ń fà sí i."

Oòrùn wọ ẹ̀yìn ògiri. Bàbá rẹ̀ tẹ nọ́ńbà keje, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń retí. Ohunkóhun kò dún. Ó tún un tẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́tìnnì náà, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Bóyá eruku ló wọ̀ ọ́," ló ní.

"Bàbá mi, mo ti pa á rẹ́."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Ìgbà wo?"

"Ní ọ̀sẹ̀ kẹta."

"Ọ̀sẹ̀ tó o ní o dúró dè é."

"Ẹ má bínú, sà."

Kò nà án, kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn fún Tíńtín ká ní ó pariwo. Ó fi ọwọ́ tínrín yẹn tẹ orin náà láìsí ìpìlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ohùn kan ti máa ń pẹ́, ó dúró, ó dúró de ohun tí kò ní wá mọ́, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú. Tíṣà àgbà ti sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀.

Abẹ́ igi ni wọ́n jókòó sí lẹ́yìn ìgbà náà.

"Ìyá rẹ ló tẹ ìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí. Tíńtín kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọn kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. "Òun ni onídùùrù ọgbà yìí kó tó kàn mí. Èmi ni mò ń bá a gbé ẹrù. Òun ló kọ́ mi. Ó ń tẹ ọwọ́ òsì yẹn pa mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ orin lórí rẹ̀. Orí itan rẹ̀ lo wà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọ́. O nawọ́, o di ìka rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ló ti pẹ́. Mo ní kó tún un tẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ọmọ òun náà ti bá òun dá sí i."

Tíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mo ní kó o má fọwọ́ kàn án, n kò sọ ìdí. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la."

"Mo ti ṣèlérí fún yín, sà. Ìyẹn tó."

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré lọ bá Fídíò nítorí ohun tó yà lọ́sẹ̀ kejì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e sétí. Orin náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ku díẹ̀ kí ìka ìyá rẹ̀ pẹ́, ẹ̀rín sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá títí dé òpin. Ẹ̀rín ta ló sì ròkè jù? Ti Tíńtín fúnra rẹ̀ ni. Fídíò pa fóònù náà.

Oṣù kan gbáko ni Tíńtín fi ń wá orin náà padà pẹ̀lú ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tó rò pé òun ti rí i, ó pe bàbá rẹ̀. Bàbá náà di ojú, ó gbọ́ ọ tán.

"Ó pẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ," ló ní.

Tíńtín tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

"Ó jọ ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí níkẹyìn, ó sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ó jọ ọ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Tíńtín béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kó tó yọ ohun tó wà ní nọ́ńbà kẹwàá, ibẹ̀ ni ó sì fi tirẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó fi nǹkan sí nọ́ńbà keje.

Tíńtín ti dàgbà di obìnrin báyìí, òun ló ń tẹ dùùrù nínú ọgbà náà. Wọ́n ní ó mọ orin yàn ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí ọ̀dọ́ bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni pé kó béèrè kó tó pa nǹkan rẹ́, kó má sì fi ìlérí tó ṣe fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ra ẹ̀rín àwọn tí kò ní rántí rẹ̀ lọ́la. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Àbámọ̀ sì ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ ẹ̀yìn ògiri, ó máa ń kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà keje. Ohunkóhun kì í dún. Ó máa ń dúró dè é díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń tẹ kẹwàá.