Bàtà Kẹwàá

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọkùnrin kan ra bàtà lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án náà ló sì dá a padà. Ẹlòmíì ì bá ti fi èpè ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta bàtà náà kò bínú rárá. Ó ti ń retí bàtà àdápadà bí ẹni ń retí lẹ́tà olólùfẹ́.

Dáhùn-kíá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọmọbìnrin yìí, torí oníbàárà kì í tíì parí ẹjọ́ kí èsì rẹ̀ tó wọlé; orúkọ náà ló sì ń kọ sísàlẹ̀ èsì rẹ̀. Òun náà ló sọ ọkùnrin ọ̀hún ní Dá-a-padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni bàtà yìí tún fi ṣe yín?" ló kọ sí i nígbà kẹsàn-án.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan," ni Dá-a-padà fèsì. "Ọmọlúàbí bàtà ni. Èmi àti òun ni ò rí ara wa bá gbé."

Dáhùn-kíá rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi gba imú jáde.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà, tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló ti ń tajà láti ọdún mẹ́rin, ṣí ṣọ́ọ̀bù gidi, tí èèyàn lè wọ̀, kó jókòó, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán bàtà wò. Wọ́n fi Dáhùn-kíá ṣe olórí ibẹ̀. Dígí gígùn wà lára ògiri, àga pupa mẹ́ta wà nílẹ̀, páálí bàtà tò gẹrẹrẹ kan àjà. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá àgbà fún un: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya òsì bàtà kúrò lára ọ̀tún rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni ti òsì, òun náà ni ti ọ̀tún.

"Bàtà tó bá ti sọ ìkejì ẹ̀ nù," ni ọ̀gá wí, "òkú ni."

Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin gíga kan wọlé, ó jókòó, ó sì ń wo àjà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Nọ́ńbà mélòó lẹ̀ ń wọ̀?"

"Mo kàn ní kí n wá wo ṣọ́ọ̀bù yín ni. Àga yìí mà rọ̀ o."

"A kì í ta àga, sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀ bá tà á fún mi, n bá dá a padà."

Páálí tó wà lọ́wọ́ Dáhùn-kíá já bọ́. "Dá-a-padà!"

"Dáhùn-kíá?" Ọkùnrin náà dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. "Ohùn yín dùn ju ìkọ̀wé yín lọ."

Tíṣà ìṣirò ni ọkùnrin náà. Ọmọbìnrin náà gbé igi tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Ni tíṣà bá kó ẹsẹ̀ sábẹ́ àga bí ẹni tó jí i.

"Òsì mi, mẹ́tàlélógójì," ló sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ọ̀tún mi, mọ́kànlélógójì. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Òwú ni mo ń kì sí ti ọ̀tún. Tó bá fi máa di ẹ̀kọ́ kẹta ní kíláàsì, òwú á ti yọjú, àwọn ọmọ iwájú á sì máa kí i káàárọ̀. Mo ní bóyá mo máa rí bàtà kan tó máa gba méjèèjì. Orí fóònù yín, àyè kan ṣoṣo ló wà níbi tẹ́ ẹ ti ń béèrè nọ́ńbà. Ẹsẹ̀ mi méjì, àyè yín kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́?"

Dáhùn-kíá kò rẹ́rìn-ín. Àánú ṣe é, ìfẹ́ sì bá àánú wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ó wo òfin ọ̀gá, ó wo ojú tíṣà, ó sì ṣí páálí méjì. Ó mú òsì nínú ọ̀kan, ó mú ọ̀tún nínú èkejì.

Tíṣà wọ̀ ọ́. Ó rìn dé iwájú dígí. Ó jáde sí títì, ó wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó padà dé, omi ti lé ròrò lójú ẹ̀.

"Ó bá mi mu," ló wí. "Ó bá mi mu o!"

"Ẹ máa dá a padà?"

"Bàtà kẹwàá yìí? Inú ẹ̀ ni n ó máa sùn!"

Dáhùn-kíá fúnra ẹ̀ ra òsì àti ọ̀tún tó ṣẹ́ kù, ó sì fi òkú bàtà náà pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé. Láti ọjọ́ náà, bí ilé-ìwé bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù ni tíṣà ń gbà. "Ẹ" di "o", "sà" di "olówó orí mi". Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ó wá ku bàbá.

Télọ̀ ni bàbá Dáhùn-kíá, téèpù kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Sálúbàtà nìkan ló ń wọ̀, ó ní ìgbéraga ni bàtà. Kódà nínú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀, kóòtù olówó ńlá ló wà lókè, sálúbàtà ló wà nísàlẹ̀.

"Ọkọ orí fóònù!" ló pariwo. "Èmi tí n kì í rán ṣòkòtò fún ẹni tí n kò bá fi téèpù wọ̀n! Ẹni tó dá bàtà padà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ìyàwó lo rò pé kò ní dá padà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Dáhùn-kíá lọ́kàn. Kò lè fẹ́ ẹni tí bàbá ẹ̀ kò bá rẹ́rìn-ín sí. Ó bẹ̀bẹ̀ títí bàbá fi gbà láti rí tíṣà lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́jọ́ Sunday, tíṣà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

"Kí ló dé tó o fi ń dá bàtà padà?" Bàbá kò tiẹ̀ ní kó jókòó.

Tíṣà wo ìyá Dáhùn-kíá, ó wo ilẹ̀. Ìtìjú gbé e lẹ́nu mì. "Kò... kò kàn bá mi lára mu ni, sà."

"Ẹ ò rí i! Ọmọbìnrin mi náà á ṣíwọ́ bíbá ẹ lára mu lọ́la. Ó yá, n ó sìn ẹ́ dé géètì."

Dáhùn-kíá bú sẹ́kún. Bàbá fìbínú ti ẹsẹ̀ bọ ohun tó bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé tíṣà lọ níwájú. Ìgbésẹ̀ kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó dúró gbagidi. Ó rìn síwájú. Ó rìn sẹ́yìn. Ó fò díẹ̀.

"Ta ló ni bàtà yìí?"

"Sálúbàtà yín ni mo fọ̀ nítorí àlejò," ni ìyá wí. "Mo wá rí bàtà tuntun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ yín, mo ní ẹ̀yin ló rà á fún, mo bá gbé e sẹ́nu ọ̀nà."

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Dáhùn-kíá ń sunkún, "òkú bàtà ni. Ọ̀tún ẹ̀ tóbi ju òsì lọ."

"Ọ̀tún tèmi náà tóbi!" Bàbá jókòó sílẹ̀ gbàà. "Pẹ́dà máṣíìnì tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló sọ ọ́ di ńlá."

"Ọgbọ̀n ọdún!" ni ìyá ké. "Ẹ ní ìgbéraga ni bàtà!"

"Ìtìjú ni, ìyàwó mi. Ìtìjú ni mo sọ di ìgbéraga."

Tíṣà padà wá, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Òsì ni tèmi, sà."

Bàbá yọ téèpù lọ́rùn. Ó wọn ẹsẹ̀ tíṣà, ó wọn tara ẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í ti ikùn rẹ̀ bọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré? Èmi ì bá dá ogún padà! Ọmọ mi, di ọkùnrin yìí mú o. Tó bá lọ, ta lèmi àti ẹ̀ á jọ máa ra bàtà?"

Nígbà tí Dáhùn-kíá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá àgbà, ọ̀gá kọ́kọ́ bú ramúramù, ó wá bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àyè nọ́ńbà ti di méjì lórí fóònù.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, irú bàtà kan náà ni àna méjèèjì wọ̀ wọlé. Wọ́n bi Dáhùn-kíá bóyá ó gbà láti fẹ́ tíṣà. Òun tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè tutù, ó kàn ń sunkún ayọ̀, ó ń wo olólùfẹ́ rẹ̀.

"Dáhùn kíá, jàre!" ni bàbá ké látẹ̀yìn. "Bàtà mi ti fẹ́ jó!"