Kànga Ilé Tuntun Fọlárìn

Adéyanjú bíríkìlà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kànga láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, okùn ni wọ́n fi fa òkú rẹ̀ jáde. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Omi inú kànga ọ̀hún kò ju orúnkún lọ, ẹ má sọ pé ó mumi kú. Kí ló wá pa géńdé ọkùnrin? Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo Òkè-Onígbìn ti ní ìdáhùn: àjẹ́ ni.

Orí Motún fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Tíṣà lòun àti Fọlárìn ọkọ rẹ̀. Owó tí wọ́n yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi ra ilẹ̀, tí wọ́n fi ya púláànù, tí wọ́n fi gbẹ́ kànga kí wọ́n má baà máa ra omi búlọ́ọ̀kù. Ẹgbẹ́ sì ti là á mọ́lẹ̀: bí ògiri ò bá dé ojú fèrèsé kí oṣù tó parí, kò sí owó òrùlé. Àwọn lébìrà sì ti sá lọ.

"Ẹni tó ní ká dúró de òjò ńkọ́, Bàbá Dámilọ́lá?" Motún bi ọkọ rẹ̀. "Àbí ẹ ti gbàgbé?"

Ìyá Lucy ló ní lọ́kàn, ìyàálé ìyá Fọlárìn, tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé àtijọ́. Òun ló ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ di ìgbà òjò. Ọ̀rọ̀ kékeré, ó wá di ẹ̀rí.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyẹ kan ké lórí igi máńgòrò, ara Motún bù máṣọ. Ó yọjú. Ìyá Lucy ló rí, ó fi aṣọ funfun bora, ó ń lọ. Motún tẹ̀ lé e dé ibi ilé tuntun. Ìyá tan àtùpà, ó fi okùn sọ̀ ọ́ sínú kànga, ó ń dá sọ̀rọ̀. Iná náà kú lójijì. Motún ò mọ bó ṣe sáré délé.

Ilẹ̀ mọ́, ìjà dé.

"Ìwọ ìyá yìí, kí lo lọ bọ nínú kànga wa?" Ẹ gbọ́ ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀!

"Kànga ni baba mi ń gbẹ́ ní Òmùpo títí ó fi kú," Ìyá Lucy dáhùn. "Kì í wọ kànga láìkọ́kọ́ sọ àtùpà sí i. Èyí tí mo sọ̀ kú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí ẹ gbé sísàlẹ̀ yẹn, èéfín rẹ̀ ò ríbi gbà jáde. Òun ló pa Adéyanjú. Ẹ gbé e jáde, ìyàwó, mo bẹ̀ yín."

Ẹ̀rọ afàmi tó ń mu bẹntiróò ni. Omi ti jìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ ò lè fà á láti òkè, ni Adéyanjú ṣe so ó rọ̀ sínú kànga, tó ń wọlé lọ tàn án. Ká má purọ́, gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀ lágbègbè yìí.

"Àjẹ́ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ mẹkáníìkì!" Motún fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Fọlárìn jáde lọ wá ọ̀kadà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti di ẹrù ìyá arúgbó sórí ọ̀kadà, ó di Òmùpo.

Àwọn lébìrà gbọ́ pé àjẹ́ ti lọ, wọ́n padà lọ́jọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí onílé kọ́kọ́ wọ kànga. Fọlárìn so okùn mọ́dìí, ó wọlé, ó tan ẹ̀rọ. Omi ń tú jáde. Motún pè é, kò dáhùn. Ó tún un pè.

Lébìrà kan ti ń bọ́ bàtà láti wọlé. Motún ju ara rẹ̀ lé ẹnu kànga.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀! Èéfín ni! Ìyá sọ fún mi! Ẹ fa okùn, ẹ fà á!"

Wọ́n fà á jáde. Fọlárìn ti kú.

Ẹ wá wo ọmọ aráyé. Wọ́n sin ín tán, ẹbí pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ojú yí sí Motún. Àjẹ́ àkọ́kọ́ ò sí nílé lọ́jọ́ náà, ta ló wá pa á? Ta ló dí ẹnu kànga kí wọ́n má baà gbà á sílẹ̀?

Ìyá Lucy, tó ti Òmùpo wá sìnkú ọmọ rẹ̀, ló dìde.

"Mo sọ ohun tó wà nínú kànga yẹn fún un, kò gbọ́. Àìgbọ́ràn lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ lọ tan ẹ̀rọ yẹn nísàlẹ̀."

Motún wólẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"N ò tíì dárí jì ọ́," Ìyá Lucy wí. "Ọkọ rẹ tí o ò jẹ́ kí n gbà sílẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ tí o pè mí, ẹnikẹ́ni ò ní fi pè ọ́ níṣojú mi."