Òkúta Tó Dénú Ìwé Kó Tó Délẹ̀

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Màmá Hester Napier wọ ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì Tolliver, níbi tí wọ́n ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ̀, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìṣó ti dá lu láàárín. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ìwé náà sórí káńtà níwájú Oleta Brashear, igbákejì akọ̀wé, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Oleta, ta ló ta ilé mi?"

Ohùn rẹ̀ ga, torí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú wò ó. Oleta ka ìwé náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lyle Garrity ló kọ ọ́: òun ló ni éékà mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó wà lórí odò Laurel Fork, kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ wá síwájú adájọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá káúńtì, máa kó ẹrù rẹ̀ síta.

"Ara ilẹ̀kùn mi ni wọ́n kàn án mọ́," ni Màmá Hester wí. "Àná sì ni àwọn agégi dé. Wọ́n ti gé igi àsálà tí Ansel gbìn. Méje nínú mọ́kànlá! Mo lọ dúró síwájú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní kí n kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Èmi! Lórí ilẹ̀ tí mo sin ọmọ sí!"

Ansel ni ọkọ rẹ̀, ó ti kú láti ọdún 2003. Oleta tẹ orúkọ àwọn méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé ilẹ̀ náà yọ: Ìwé 318, ojú ewé 41. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni wọ́n ní Ansel àti Hester ta ilẹ̀ náà fún Garrity, àmọ́ oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n tó gbé e wá sí ọ́fíìsì. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Lábẹ́ òǹtẹ̀ náà, lẹ́tà méjì: O.B.

Oleta wò ó, ó tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ ló lu òǹtẹ̀ yẹn.

"Màmá, ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Màmá Hester fi awò ojú sójú. "Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ Ansel sì ni. Ṣùgbọ́n a ò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Oleta, ọwọ́ mi ni wọ́n fi jí ilẹ̀ mi!"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ó dùn mí láti sọ èyí, àmọ́ bó ṣe rí ni mo ń sọ. Ní ọ́fíìsì yẹn, wọn kì í bi ìwé bóyá òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n á wò ó bóyá orúkọ pé, bóyá ìbùwọ́lù wà, bóyá lọ́yà tó kọ ọ́ dárúkọ ara rẹ̀, bóyá ẹlẹ́rìí tí ìjọba yàn tẹ èdìdì sí i. Tó bá ti pé, òǹtẹ̀ ló kàn. Òfin ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ tó bá ti múra dáadáa á kọjá lórí káńtà, á sì di òótọ́ ní ojú ewé 41. Ní ti ìwé ilẹ̀ Garrity, lọ́yà tó kọ ọ́ ti kú, ẹlẹ́rìí tó tẹ èdìdì náà ti kú. Ta ni wọ́n fẹ́ bi?

Ẹni tó gbé e wá nìkan ló kù, Oleta sì rántí ẹni náà. Wendell Purdom ni. Ọdún méjìlélógún ni Wendell ti ń jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá ìwé, ó ń bá báńkì àti lọ́yà wá ìtàn ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ra búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n fi sọ́séèjì há láàárín wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìyá Oleta kú, Wendell wà lára àwọn tó gbé pósí.

Òun náà ló ń bọ̀ yìí, ife kọfí lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ojú yín fà ro báyìí láàárọ̀ kùtù?"

"Wendell, ìwọ lo gbé ìwé yìí wá lóṣù kẹta."

"Èmi kẹ̀? Ìwé mélòó ni mo ń gbé wá lóṣù kan? Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Lexington ni. Onítọ̀hún ní inú àpótí bàbá òun lòun ti rí i."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"Nọ́ńbà àpótí lẹ́tà lásán ni mo mọ̀." Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Rọra ṣe o, Oleta. Orúkọ ta ló wà lábẹ́ òǹtẹ̀ yẹn? Tí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí. Ó ku ọdún mẹ́ta kó o fẹ̀yìn tì, àbí?" Ó wá gbá èjìká Màmá Hester jẹ́jẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ tètè wá lọ́yà." Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Oleta débi pé ó fẹ́ ní kí Màmá Hester máa lọ sílé. Kò kúkú ní ṣòro. Á ní òfin ò fún òun láyè, kò sì ní jẹ́ irọ́.

"Kà á fún mi," ni Màmá Hester wí.

"Kí ni, Màmá?"

"Ìwé tí wọ́n ní mo kọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ní mo sọ."

Oleta tẹ̀ ẹ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́, ó dé ibi tí wọ́n ti ń júwe pààlà: láti etí odò, gba ẹ̀yìn òkè lọ, "títí dé òkúta tí a rì síbi tí igi óákù funfun wà tẹ́lẹ̀..."

"Dúró ńbẹ̀!" Màmá Hester na ọwọ́ sókè. "Òkúta wo? Tẹ́lẹ̀ bíi ti báwo? Igi yẹn wà lóòró ní 1987! Abẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbé oúnjẹ Ansel lọ. Ìjì yìnyín ọdún 2009 ló wó o. Ọdún kejì ni èmi àti Burl Sizemore tó bá mi pààlà rì òkúta síbẹ̀, a sì wá ṣe ìwé pààlà níbí, lọ́dọ̀ ìwọ Oleta yìí. Ansel ti lo ọdún méje nínú sàréè! Ta ló wá rí òkúta ní 1987?"

Ọ̀rọ̀ náà yé Oleta. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ilẹ̀ ní agbègbè yẹn nìyí: ọ̀rọ̀ pààlà inú ìwé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dà kọ sínú tuntun, láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹni tó ṣe ayédèrú yìí ti ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó da ti 2010 kọ, ó wá fi ọjọ́ 1987 sí i.

"Ìwé 271 la kọ pààlà 2010 sí," ni Oleta wí, ó sáré wọ yàrá ìwé. Àwọn ìwé àtijọ́ yẹn kò tíì wọ kọ̀ǹpútà. Àyè 271 ṣófo lórí pẹpẹ. Orí tábìlì Wendell, tí ohùn gíga Màmá Hester ti dé, ló ti rí i, ní ṣíṣí. Kọfí ṣì ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ àga ṣófo, kóòtù ò sí lára ìkọ́. Oleta ṣí ìwé náà. Lẹ́yìn ojú ewé 506, 509 ló kàn. Wọ́n ti fi abẹ gé èyí tó wà láàárín.

"Wendell ti gé e lọ, Màmá! Ẹ̀dà kan wà nínú fíìmù ní olú ìlú ìpínlẹ̀, ní Frankfort, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń dáhùn. Ọ̀túnla sì ni Jímọ̀."

"Ìwé tí èmi àti Burl bu ọwọ́ lù gan-an ńkọ́? Ṣebí ẹ fi ránṣẹ́ padà sí mi?"

Oleta rántí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ̀dà ni ọ́fíìsì máa ń tọ́jú, ìwé gan-an á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Wendell sì mọ àṣà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Màmá, ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn?"

"Ìgbà wo ni mo ti ilẹ̀kùn rí?"

Oleta pe ṣẹ́rífù Cordell Fugate. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń sáré gba ọ̀nà odò. Wọ́n tajú kán rí píkọ́ọ̀pù Wendell tó ń gun afárá. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkọ̀ agégi kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó dí afárá pa. Ọ̀nà ọkọ̀ kan péré ni. Cordell fọn fèrè títí, ọkọ̀ ńlá náà kò lè yára fà sẹ́yìn.

Màmá Hester wo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. "Igi mi nìyẹn," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n fi dé ilé, Wendell ń jáde bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Cordell gbé ọkọ̀ dí píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá kí Màmá ni."

"Màmá tó o fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì?"

Wendell pọ́n ètè lá. Inú ilé ti dàrú lẹ́yìn rẹ̀: gbogbo dúrọ́ọ̀ ló ti fà jáde, ó ti gbọn Bíbélì, ó ti tú bẹ́ẹ̀dì. Òórùn ìwé jíjó ń jáde láti inú sítóòfù onírin tí wọ́n ń dáná igi sí. Cordell ṣí i, eérú ló bá níbẹ̀.

"Ojú ewé 507 nìyẹn, Wendell?"

"Ṣé eérú lè kàwé ni?" Wendell tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbogbo ilé. Kò sí ìwé kankan níbí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí kò gbọ́ràn àti ìwé tó ní òǹtẹ̀, èwo ni adájọ́ máa gbà?"

Màmá Hester gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí fírísà wà. Ó ń gbé ẹran àgbọ̀nrín dídì, ó ń gbé ẹ̀wà, títí ó fi fa nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá wé ní ìlọ́po mẹ́ta.

"Ansel ló kọ́ mi," ni ó wí. "Ó ní tí ilé bá jó, fírísà ò ní tètè jó."

Oleta nu yìnyín kúrò lára rẹ̀. Ìwé pààlà, 2010. Òkúta wà níbẹ̀, igi óákù wà níbẹ̀, ọwọ́ Hester àti ti Burl wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, àti lẹ́tà méjì: O.B.

Wendell jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ta ni Garrity?" ni Cordell bi í.

"Àbúrò ìyàwó mi. Ní Tennessee."

"Àwọn ìbùwọ́lù yẹn ńkọ́?"

"Inú àwọn ìwé àtijọ́ ni mo ti rí wọn. Mo gbé bébà lé wọn lórí lójú gíláàsì fèrèsé, mo fa ìlà tẹ̀ lé e."

"Mélòó lo ti ṣe?"

"Méje. Àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà lókèèrè." Ó mi orí. "Òkúta lásán-làsàn! Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń da pààlà kọ. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ kà á."

"Ta ló ń gbà wọ́n wọlé?"

Wendell gbé ojú sókè wo Oleta. "Òun ni. Méjèèje. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń mú wọn wá, pẹ̀lú oúnjẹ. Tí búrẹ́dì bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, òǹtẹ̀ ló máa ń fi ìkejì lù."

Cordell kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ojú ti Oleta débi pé kò lè wo ìyá arúgbó náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, adájọ́ wọ́gi lé ìwé Garrity. Kó tó parí oṣù náà, ilé-ẹjọ́ ti dá ilẹ̀ àwọn mẹ́fà yòókù náà padà, àfi pé ọ̀kan nínú wọn ti kú sílé ìtọ́jú arúgbó kó tó gbọ́. Wọ́n ní títí ó fi kú ló ń bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo lòun ta ilẹ̀ tí òun gbàgbé. Àwọn tó kù sunkún ayọ̀ ní kóòtù. Màmá Hester ní tirẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní òun máa sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé ti di tirẹ̀ padà, pẹ̀lú igi àsálà mẹ́rin àti kùkùté méje.

Ìwé ìdájọ́ náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé káúńtì. Màmá Hester gbé e wá fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. Oleta wò ó fìrí. Orúkọ pé, ìbùwọ́lù adájọ́ wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé òǹtẹ̀ sókè.

Ìyá àgbà náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Kà á."

"Màmá, ó ti pé."

"Mo ní kà á. Kà á sókè kí n gbọ́."

Àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn wọn, wọ́n ń dúró. Oleta gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ó ń gbé ohùn sókè kí etí ìyá àgbà lè gbà á, láti etí odò, gba ẹ̀yìn òkè lọ, títí dé òkúta tí a rì síbi tí igi óákù funfun wà tẹ́lẹ̀, títí padà sí etí odò. Kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Màmá Hester gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. "Lù ú báyìí."