Àgbà Ìbejì inú Ìwé Ìròyìn Ireland

Láàárọ̀ Túsìdeè ni lẹ́tà náà dé, Mobọ́lá tó ń tọ́jú Miss Stella ló sì já a. Ilé Miss Stella wà létí adágún ní Little Elm, ní Texas. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú. Thomas bàbá rẹ̀ wá láti Ireland, kò sì sọ ju orúkọ ìlú rẹ̀ àti pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá òun lọ fún un títí ó fi kú ní Dallas. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí Miss Stella ń fẹ́ láyé ni kó rí ẹnì kan tó bá a tan.

Oṣù mẹ́rin ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Brendan ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ti àwọn ìlú kéékèèké Ireland lòun ti ń wá ẹbí fún èèyàn. Ó ní ìbejì ni Thomas, pé ọmọ-ọmọ ìbejì kejì yẹn ṣì wà láàyè. Fúráìdè ni Miss Stella fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí yóò sọ ilé náà di ti ọmọ yẹn. Ẹ̀rí tó kù ló dé yìí, ẹ̀dà ìròyìn ọdún 1909.

Mobọ́lá kà á síta: "Ní Mọ́ńdè, ìyàwó alágbẹ̀dẹ bí ìbejì ọkùnrin. Thomas ló kọ́kọ́ jáde, Michael ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tẹ̀lé e."

"Tún un kà," ni Miss Stella wí. "Báwo lẹni tó jáde kẹ́yìn ṣe di ẹ̀gbọ́n?"

Mobọ́lá rẹ́rìn-ín. "Kẹ́yìn náà làgbà ń jáde, mà. Èmi gan-an, Kẹ́hìndé ni mí. Mo rán Táyé ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò fún mi. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí."

"Kì í ṣe ní Ireland, ọmọ mi. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde làgbà níbẹ̀."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mobọ́lá. Ó tún ìwé náà wò. Ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́.

Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jò. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, níbi ìpàdé àdúrà ìjọ wọn ní Lewisville, òun fúnra rẹ̀ ló dìde pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún ìyá arúgbó tó ń wá ẹbí bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n túká, Olúfúnṣọ́ tó ń tẹ ìwé ètò ìsìn tẹ̀lé e dé ìdí ọkọ̀. "Sister Mobọ́lá, kí lorúkọ bàbá yẹn? Ìlú wo ni? Iṣẹ́ wo làwọn òbí rẹ̀ ń ṣe?" Gbogbo rẹ̀ ló rò fún un. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé ẹnì kan bìkítà.

Ó pe Akin, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Akin kọ̀wé sí ilé ìkàwé kan ní Ireland. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: ìwé ìròyìn ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìpolówó irúgbìn ọ̀dùnkún ló wà níbi tí wọ́n ní ìbejì wà.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Miss Stella, ó kọjú sí adágún. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fúnra rẹ̀.

"Brendan, n ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi tí mo bá fọwọ́ kan ojúlówó ìwé ìròyìn yẹn."

"Kò sí wàhálà, mà. Ìránṣẹ́ wa á mú un wá lọ́sàn-án Fúráìdè."

Olúfúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló wá, fìlà bo iwájú orí, ìbòjú bo ẹnu. Ó ti mọ̀ pé Mobọ́lá kì í ṣiṣẹ́ ní Fúráìdè. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí ọkọ̀ Mobọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó yí padà. Akin ti lúgọ dè é lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n kó tó yọ, Olúfúnṣọ́ ti wọ ọkọ̀, ó ti dé orí ọ̀nà márosẹ̀, ó dorí kọ Lewisville. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dí ọ̀nà níwájú. Ó yà sílé epo, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìtì í, ó sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀.

Akin tó ń lé e bọ̀ kan ilẹ̀kùn. "Brother Olúfúnṣọ́, jáde. Àwọn èèyàn ń tò lẹ́yìn rẹ."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣẹ́ kanlẹ̀.

"Wọ́n kàn ní kí n gbé ìwé wá ni."

"Àwọn wo?"

Olúfúnṣọ́ fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ sí i.

"Ó dáa. Nínú ìbejì, ta làgbà?"

"Kẹ́hìndé." Kò tilẹ̀ rò ó.

Akin ti ìwé ìròyìn náà síwájú rẹ̀. "Ta ló sọ fún àwọn ará Ireland?"

Olúfúnṣọ́ tẹjú mọ́ ìlà náà. "Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò rí i."

"Ọmọ-ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Kò sí ọmọ kankan. Èmi ni ọmọ yẹn, èmi náà ni Brendan."

"Èèyàn mélòó lo tún ṣe é fún?"

"Àwọn arúgbó méjì. Ní Lake Highlands, ní Dallas."

Ilé bọ́ lọ́wọ́ ewu, àwọn méjì ìyókù náà sì rí ìwé ilé wọn gbà padà. Síbẹ̀ Miss Stella sunkún Michael bí ẹni tó sin òkú. "Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi lẹ́bí," ó wí.

Mobọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹnu mi ló fà á, mà. Ẹ forí jì mí."

"Dìde, orúnkún á dùn ọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé ìkàwé tún kọ̀wé. Obìnrin tó dá Akin lóhùn kò dẹ́kun wíwá. Ó rí ìkéde kékeré kan ní 1936. Orúkọ, ìlú àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bára mu. Mobọ́lá kà á: "Thomas, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó lọ sí Texas. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé. Ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Miss Stella ní kó kà á. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mú bírò. Kọ ọ́ pé Thomas wà ní Dallas. Kọ ọ́ pé ó bí ọmọbìnrin kan."

"Ta la máa fi ránṣẹ́ sí, mà?"

"Kọ ọ́ ná."